Ife Tí Omi Rẹ̀ Kì Í Dà

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Baálé Odùbánjọ fi àjẹ̀ ọkọ̀ gbá Bíọ́dún, àkọ́bí rẹ̀, lẹ́nu, tí eyín iwájú ọmọ náà sì bọ́ sínú ẹ̀kọ tí wọ́n ń mu lọ́wọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ Bíọ́dún kò ju ẹyọ kan lọ. Ó rí i pé ọwọ́ bàbá òun ń gbọ̀n, ẹ̀kọ gbígbóná ń dà sí àgbà náà láyà, ó wá na ọwọ́ láti bá a di abọ́ mú. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín mú un." Kò tíì pa ẹnu dé tí àjẹ̀ fi bá ẹnu náà.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún dárúkọ ọwọ́ Baálé ní Ìdí-Àgbọn. Abúlé apẹja ni Ìdí-Àgbọn, létí ọ̀sà, kò jìnnà sí Ajah. Ẹni tó bá tètè gbéra láàárọ̀ á dé ọjà Ajah kí oòrùn tó mú. Gbogbo ilé ló ń rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí omi bá dà sí Baálé lára, gbogbo ojú á gbé sókè, wọ́n á máa wo òrùlé bí ẹni pé òjò ló jò. Bíọ́dún kó ẹrù rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Èkó, kò sì padà wá mọ́. Ẹ má rò pé Baálé sunkún. Ó ní ọmọ tí kò lè gba àjẹ̀ kan ṣoṣo sára, kí ló fẹ́ fi oyè ṣe.

Sìlífátù, tó tẹ̀lé Bíọ́dún, ló wá kù sílé. Opó ni. Òkun ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ, Rùkáyàt ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti wà nílé ọkọ tirẹ̀. Òun ló ń se oúnjẹ bàbá wọn, ló ń fọ aṣọ rẹ̀, nítorí náà ó mọ bí gbígbọ̀n náà ṣe ń le sí i ju bí ẹnikẹ́ni ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Òun náà sì ti jẹ tirẹ̀ lọ́wọ́ àgbà yìí. Ìgbátí kan wà tó gbà nígbà tó wà lọ́mọge, etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ láti ìgbà náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ orí rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Bó bá hun ìgèrè, ẹja tó bá wọ inú rẹ̀ ti bá ilé ọbẹ̀ lọ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin tó ń fi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọjà ni wọ́n ń yọ́ wá ra ìgèrè rẹ̀ níkọ̀kọ̀.

Ẹnì kan ló fẹ́ràn jù láyé, ìyẹn Sùlè, àbíkẹ́yìn ilé. Ọjọ́ tí ìyá wọn bí Sùlè náà ló kú. Sìlífátù ló pọ̀n ọ́n dàgbà, ló ń jẹ iṣu kúnná kó tó fi sí i lẹ́nu. Sùlè wá dàgbà tán, ó ga, ó gbájú mọ́ṣẹ́, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú bàbá rẹ̀ ló jogún, inú tó máa ń ru kí orí tó ronú.

Lọ́dún tí ìjọba ní kí mọ́tò fi apá òsì sílẹ̀ kó máa gba apá ọ̀tún, ìjà tó wà láàárín ilé Odùbánjọ àti ilé Ọ̀ṣuntọ́lá tó wà lódìkejì ọ̀sà kúrò ní ìjà ẹnu. Ibi tí wọ́n ń dẹ ìgèrè sí ni wọ́n ń jà sí. Ní ìdájí ọjọ́ kan, Sùlè ká ọmọ Ọ̀ṣuntọ́lá kan tí wọ́n ń pè ní Yẹ̀kínì mọ́ ibi tó ti ń fi àdá gé okùn ìgèrè wọn. Wọ́n gbá ara wọn mú lórí omi. Yẹ̀kínì ṣá Sùlè léjìká. Sùlè gba àdá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ṣá a lọ́rùn. Àwọn tó wà nítòsí ní ẹ̀jẹ̀ kún inú ọkọ̀ Yẹ̀kínì débi pé igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi ni wọ́n fi gbọ́n ọn kí wọ́n tó rí òkú gbé.

Kò pẹ́ tí iná fi sọ ní Ìdí-Àgbọn. Àwọn ọmọ Ọ̀ṣuntọ́lá sun ọkọ̀ ilé Odùbánjọ, wọ́n gé etí bàbá arúgbó kan tó jókòó sétí omi tó ń tún àwọ̀n ṣe, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ilé Odùbánjọ náà kò káwọ́ gbera. Wọ́n lọ ba de àwọn ọmọ Ọ̀ṣuntọ́lá nínú oko àgbọn, wọ́n sì fi kùmọ̀ fọ́ wọn lórúnkún. Ọlọ́pàá wá, wọ́n bi gbogbo ènìyàn léèrè, gbogbo ènìyàn ní àwọn ń sùn nígbà tó ṣẹlẹ̀. Sùlè sì ti fi ọ̀sà sílẹ̀, ó sá gba ìhà òkun lọ, ó ń sùn sínú ahéré àwọn tó ń yan ẹja, àdá ni ìrọ̀rí rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn baálé abúlé tó yí wọn ká péjọ, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní kí ilé méjèèjì wá mu omi ìlàjà.

Omi yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lágbègbè náà. Olórí ilé kọ̀ọ̀kan ló máa gbé ife ilé rẹ̀ wá sétí ọ̀sà, yóò mu omi inú rẹ̀ tán lójú àwọn àgbà, yóò sì sọ pé òun ti gbé ìjà náà mì. Bí omi bá fi lè kán sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ń mu ún, ìjà ṣì wà níkùn rẹ̀, irọ́ ló wá pa, ilé kejì sì lè gba ohun tó jẹ́ tiwọn níbẹ̀ láìdúró. Ohun tó jẹ́ ti ilé Ọ̀ṣuntọ́lá, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ mọ̀ ọ́n: ọrùn Sùlè ni. Àwọn àgbà ní Sùlè gbọ́dọ̀ jáde wá, kí wọ́n fi màrìwò di ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kó kúnlẹ̀ láàárín. Bí omi kò bá kán, yóò dìde, yóò di ọmọ ilé méjèèjì. Bí omi bá kán, kò ní dìde.

Sìlífátù gbọ́ èyí. Ó mọ ohun tí gbogbo ilé mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ. Ta ni yóò dìde sọ fún Baálé pé kò lè mu omi kí ó má dà? Àwọn àbúrò Baálé ń wo ara wọn. Ọ̀kan wúkọ́, ó ní Ọlọ́run á ṣe é. Òmíràn ní àṣẹ. Wọ́n jẹ obì tán, wọ́n túká. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n lè fi kùmọ̀ fọ́ orúnkún ọmọ ọlọ́mọ, wọn ò lè la ẹnu sọ̀rọ̀ ọwọ́ bàbá kan ṣoṣo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Sìlífátù ń gba ẹ̀yìn yàrá bàbá rẹ̀ kọjá, ó gbọ́ ìró omi. Ó yọjú láàárín pákó. Baálé jókòó lórí àpótí, ìhòòhò ni àyà rẹ̀, ó gbé ife idẹ ilé náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń gbìyànjú láti gbé e dẹ́nu. Omi náà ń fò jáde. Ó ń lù ú nímú, ó ń ṣàn lágbọ̀n, ó ń kán sí orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bu òmíràn, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá gbé ife náà lélẹ̀, ó fi ọwọ́ kan lu ọwọ́ kejì, ó ń lù ú gidigidi bí ẹni ń lu olè. Àánú ṣe Sìlífátù, ẹ̀rù sì bà á ju àánú lọ. Ó yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kúrò níbẹ̀ kí bàbá má bàa mọ̀ pé ẹnì kan ti rí òun.

Ó padà sídìí ìgèrè tó ń hun. Ẹnu rẹ̀ ló kù. Ìgèrè ní ẹnu méjì: ti òde fẹ̀, ti inú dín, ó sì gùn wọ inú lọ. Ẹja á gba ẹnu gbọọrọ yẹn wọlé wẹ́rẹ́. Bó bá fẹ́ jáde, á máa fi orí gbá ẹ̀gbẹ́ kiri, kò ní rántí pé àárín gan-an lòun gbà wọlé. Sìlífátù dá iṣẹ́ dúró, ó tẹjú mọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹja tó ní ojú, tó ní ìrù, kò bá mọ ọ̀nà àtijáde, omi tí kò ní ojú ńkọ́?

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó mú ife idẹ náà lórí àjà, ó fi gèlè wé e, ó tọ́jú rẹ̀ sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ẹja, ó sì gba Ajah lọ.

Ẹ̀bá mọ́ṣáláṣí ni ṣọ́ọ̀bù Mọ́rúfù wà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń fi agolo ṣe àtùpà, ó sì ń jó ìdí ìkòkò tó bá lu. Ahọ́n rẹ̀ kì í sinmi, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá Rùkáyàt, ife yìí lu ni?"

"Kò lu. Ẹ bá mi ti ẹnu rẹ̀ pa ni."

Mọ́rúfù gbé ojú sókè. "Ife tí wọ́n bá ti ẹnu ẹ̀ pa, kí lẹ fẹ́ fi mumi, imú?"

Sìlífátù yọ ìgèrè kékeré kan tó hun lọ́nà, ó kì í bọ inú ife náà, ó fi hàn án. Mọ́rúfù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó gba ìgèrè náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ta lẹ fẹ́ fi ṣe fún?"

"Aláìsàn kan ni. Inú ọkọ̀ ni wọ́n máa gbé e sí, ọkọ̀ a sì máa mì." Irọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní irọ́ tó dára jù ú lọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mọ́rúfù gé páànù agolo mílíìkì, ó ká a bí ẹnu ìgèrè, ó jó o mọ́ abẹ́ ètè ife náà yípo, ihò kékeré sì wà nísàlẹ̀ ibi tó dín sí. Wọ́n da omi sí i, Sìlífátù gbé e, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọwọ́ òun máa gbọ̀n. Omi ta jáde láàárín, ó bọ́ sí Mọ́rúfù lójú. Mọ́rúfù nu ojú, ó ní páànù yẹn kúrú. Ó tú u, ó ṣe èyí tó gùn dé ìdajì ife. Lọ́tẹ̀ yìí Sìlífátù mì ín, kò dà. Ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò dà. Mọ́rúfù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dojú ife náà dé pátápátá lórí fìlà ara rẹ̀, kò sí ohun tó jáde.

"Wàhálà dé," Mọ́rúfù ní. "Madam, ife ahun lẹ ní kí n ṣe o. Ẹ wò ó, èmi gan-an ò rí mu níbẹ̀." Ó ń fa ife náà lẹ́nu fùú, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbé mì.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pẹ́ jù. Wọ́n jókòó sídìí iná òjé títí tí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán, Mọ́rúfù lọ kírun, ó sì padà bá Sìlífátù níbi tó fi í sí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ife. Sìlífátù mú ìṣó, ó ní kí ó lu àwọn ihò tíńtín sí abẹ́ ètè ife, ihò tó kéré débi pé omi kò ní gba ibẹ̀ kọjá àfi bí ẹnu bá fà á. Mọ́rúfù bi í pé ṣé yípo ni. Sìlífátù ronú nípa ọwọ́ tó ń gbọ̀n, tó máa ń ju omi síwájú sẹ́yìn.

Ó ní, "Rárá. Ibi tí ẹnu rẹ̀ máa gbé nìkan. Iwájú ò gbọdọ̀ ní ihò kankan, kí ohunkóhun má bàa gba ibẹ̀ kán sílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Mọ́rúfù fi èéfín àtùpà kun páànù inú rẹ̀ kó dúdú, kó má dán lójú ènìyàn. Sìlífátù gbé ife náà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe, ó mu omi inú rẹ̀ tán, àyà aṣọ rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Mọ́rúfù kò mọ ìdí. Ó rò pé ìdùnnú nítorí aláìsàn ni, ó sì yí ojú kúrò kó má bàa dójú tì í. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ omi ìlàjà, Sìlífátù gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀ kò dìde. Ó fẹ́ sọ fún un. Ó ti kó ọ̀rọ̀ náà jọ láti ìgbà tó ti ń gúnyán.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ife ọ̀la."

Baálé dá òkèlè dúró. "Kí ló ṣe ife?"

Àjẹ̀ wà lára ògiri, lẹ́bàá ọwọ́ rẹ̀. Sìlífátù rí i tí ọwọ́ náà sún díẹ̀ sọ́hùn-ún. Etí òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, bí ó ti máa ń ṣe nígbàkigbà tí bàbá náà bá fi ojú yẹn wò ó.

"Mo ti fọ̀ ọ́," ó ní.

"Ó yẹ kí o fọ̀ ọ́," ni Baálé wí, ó sì ń bá oúnjẹ lọ.

Àṣà wọn ni pé ọmọbìnrin ilé ló máa pọn omi ìlàjà láti inú ọ̀sà ní ìdájí, yóò fi ewé bo ife, yóò gbé e fún ìránṣẹ́, yóò sì padà wọlé. Láti ìgbà náà, obìnrin kò gbọdọ̀ yọjú. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ohun tí àwọn ọkùnrin bá sọ nílé ni obìnrin mọ̀, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ kò ju ẹyọ kan náà lọ: omi kò gbọdọ̀ kán. Sìlífátù pọn omi, ó bù ú dé ìdajì ife, ó fi ewé bò ó. Ṣùgbọ́n kò padà wọlé. Ó wọ inú ahéré tí wọ́n ń kó àwọ̀n sí, ó fara pamọ́ sẹ́yìn àwọ̀n gbígbẹ, ó ń wò láti inú ihò ògiri imọ̀ ọ̀pẹ. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á nà án dójú ikú. Kò tiẹ̀ rò ó. Sùlè ló fẹ́ rí nígbà tó bá dìde.

Wọ́n mú Sùlè wá. Wọ́n ti fá orí rẹ̀, ó ti rù, ọgbẹ́ èjìká rẹ̀ kò tíì jiná. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú màrìwò, ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn láàárín ilé méjèèjì. Kò sí àdá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn àgbà ti kìlọ̀. Iyanrìn ló mọ ohun tí wọ́n rì mọ́ inú rẹ̀ lálẹ́ àná, ilé Odùbánjọ rì, ilé Ọ̀ṣuntọ́lá náà rì.

Ọ̀ṣuntọ́lá ló kọ́kọ́ jáde. Ó ṣí ewé kúrò lórí ife rẹ̀. Ó na ife náà síwájú, ó tẹ̀ ẹ́, omi sì ṣàn sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ilẹ̀, ìwọ lo kọ́kọ́ mu," ó ní. "Ohun tí mo bá sọ, ìwọ ni ẹlẹ́rìí." Lẹ́yìn náà ló gbé ìyókù mu, kò sì kán.

Sìlífátù ń wò ó láti ẹ̀yìn àwọ̀n. Kò gbọ́ èyí rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sí ọkùnrin kan tó sọ ọ́ nílé, torí kò sí ọkùnrin kan tó rò pé ó yẹ ní sísọ. Ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mu. Ó rí ife náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó rí ẹ̀gbẹ́ iwájú tí òun ní kí wọ́n má lu ihò sí. Ó la ẹnu láti kígbe. Bí obìnrin bá kígbe níbẹ̀, omi ti bàjẹ́, Sùlè ti kú. Bí kò bá kígbe ńkọ́? Kò mọ èyí tí ì bá ṣe nínú méjèèjì, ní gbogbo ìgbà tó fi ń rò ó ni Baálé sì ti ṣí ewé.

Baálé na ife rẹ̀ síwájú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán rí i. Bó bá jẹ́ ife bí ife ni, omi ì bá ti fúnra rẹ̀ fò sílẹ̀, kò sí ẹni tí ì bá bi í léèrè, ilẹ̀ ì bá mu àmuyó.

"Ilẹ̀, ìwọ lo kọ́kọ́ mu," ni Baálé wí.

Ó tẹ ife. Kò sí ohun tó jáde. Ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Ó dojú rẹ̀ dé pátápátá, ó gbọ̀n ọ́n lórí iyanrìn, iyanrìn náà sì gbẹ. Gbogbo ènìyàn gbọ́ omi tó ń lù gbọ̀ngbọ̀n nínú ife náà. Baálé gbé e sójú, ó wo inú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

"Odùbánjọ," Ọ̀ṣuntọ́lá ní, jẹ́jẹ́, "omi wà nínú ife rẹ, o ò fún ilẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínì já ife náà gbà. Ó ki ìka bọ inú rẹ̀, ìka náà kan páànù. "Wọ́n dí i," ó ní. "Wọ́n dí i kí ilẹ̀ má bàa gbọ́. Wọ́n fẹ́ búra láìsí ẹlẹ́rìí."

Ó yíjú sí Sùlè tó kúnlẹ̀, ó sì fi ife idẹ náà gbá a ní agbárí. Sùlè ṣubú dojú bolẹ̀, kò lè fi ọwọ́ gbé ara rẹ̀ dúró. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wa iyanrìn bí ajá. Àdá ń yọ. Àwọn baálé tó wá ṣe ìlàjà na ọwọ́ sókè, wọ́n ń pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́ wọn. Sìlífátù já àwọ̀n tó bò ó, ó sáré bọ́ síta, ó da ara rẹ̀ bo Sùlè. Ẹnì kan gbá a nírun mú, ó fà á kúrò, wọ́n fi ẹ̀yìn àdá gbá a lẹ́yìn títí tí kò fi lè mí. Láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ló ti rí i. Wọ́n gbé Sùlè kúnlẹ̀ padà, wọ́n sì ṣá a lọ́rùn, ibi tó ti ṣá Yẹ̀kínì gan-an. Kò kú ní ìṣá àkọ́kọ́. Ó ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Baálé ti rí àjẹ̀ kan mú. Ọwọ́ tí kò lè gbé ife dẹ́nu, ẹ wá wò ó nídìí àjẹ̀. Ó gbá ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínì lórí, agbárí fọ́, ó gbá èyí tó tẹ̀lé e, apá kán. Ó ń ké ramúramù, ó ń gbá tiwọn, ó ń gbá tirẹ̀, títí tí àwọn àgbà fi gbá a mú láti ẹ̀yìn. Nígbà tí ìjà fi máa rọlẹ̀, omi etí ọ̀sà ti pọ́n, òkú ilé Odùbánjọ wà nílẹ̀, òkú ilé Ọ̀ṣuntọ́lá wà nílẹ̀, ilẹ̀ sì ti mu.

Wọ́n gbé Sùlè wálé lórí ẹní. Gbogbo ẹbí dúró yí àgbàlá ká. Baálé jókòó lórí àpótí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára, àjẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ife náà wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ti tẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan ife mi?" ó ní.

Àwọn àbúrò rẹ̀ wo òrùlé.

"Èmi ni," Sìlífátù dá a lóhùn. Ẹ̀yìn ń dùn ún, kò lè nà tán, àmọ́ ó rìn dé iwájú bàbá rẹ̀. "Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, kí omi má bàa dà sí yín láyà. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n, Bàbá. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ̀n. Gbogbo wa la mọ̀."

Baálé dìde. Ó gbé àjẹ̀ sókè, àjẹ̀ náà ń gbọ̀n lókè orí ọmọ rẹ̀.

"O ò bi mí léèrè," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ya. "Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Kò sí ọmọkùnrin kan nílé yìí tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mu. Ǹ bá sọ fún ọ. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni, ọmọ mi ì bá wà láàyè. Kí ló dé tí o ò bi mí?"

Sìlífátù wo àjẹ̀ náà. Ó wo Sùlè lórí ẹní.

"Bàbá," ó ní, "ta ló lè bi yín?"

Kò tẹ orí, kò gbé ọwọ́ bojú. Nígbà tí àjẹ̀ kò sọ̀kalẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà, ó gbé ìkòkò, ó lọ pọn omi tí wọ́n máa fi wẹ àbúrò rẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù dìde tẹ̀lé e, lẹ́yìn wọn ni àwọn ọkùnrin, tí wọ́n lọ wá ọkọ́ tí wọ́n máa fi gbẹ́ ilẹ̀. Baálé dúró sí àgbàlá, òun nìkan, pẹ̀lú àjẹ̀ lókè, kò sì rí ẹni tí yóò gbá.